Eyín Tó Há sí Àbúrò Mi Lọ́fun

Èmi ni mo ṣe eyín náà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní àdúgbò wa máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru olùdarí eré, àwọn mìíràn sì máa ń sọ pé àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Irọ́ ni. Èékánná àtọwọ́dá, irú èyí tí àwọn obìnrin ń lẹ̀ mọ́ ìka, ni mo rà. Mo gé e, mo fi fáìlì ha á títí ẹnu rẹ̀ fi ṣóńṣó, èmi náà ni mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn léyín.

Télọ̀ ni mí ní Igbó-Elérin. Aṣọ obìnrin ni mo ń rán. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ti ń ṣe eré láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ipa ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń fún un: kó gbé omi wọlé, kó kúnlẹ̀, kó jáde. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi wú lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì tó wà ní Iyana-Iba wá bá a pé òun fẹ́ kó jẹ́ olú ẹ̀dá nínú fíìmù òun. Ìjà ni fíìmù náà dá lé. Lápá kan, àwọn amùjẹ̀, ìyẹn àwọn òkú tí kì í kú tán, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn mu láti wà láàyè. Lápá kejì, àwọn èèyàn tó ń di ìkookò bí òṣùpá bá ti yọ. Àwọn méjèèjì ń du ìlú Èkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àbúrò mi sì ni jagunjagun àwọn amùjẹ̀.

Olùdarí náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi àwòrán hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀wù awọ dúdú tó balẹ̀ dé kókósẹ̀, bàtà tó ga dé orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mi ò fẹ́ eré àwọn tó ń fi ẹfun kun ojú káàkiri. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù wọn máa ba èèyàn, kó sì tún máa wu èèyàn láti dà bíi wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ra awọ tí wọ́n fi ń bo àga, mo rán ẹ̀wù mẹ́rin tó jẹ́ pé bí o bá rí wọn lára ẹni tó ń rìn, wàá yà fún un lọ́nà. Ti ìkookò ló gbà mí lákòókò jù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo fi ṣe awọ rẹ̀, mo wá ń gán irun àtáṣímẹ́ǹtì mọ́ ọn lára ní ìdì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Tíṣà ìṣirò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa ló wọ̀ ọ́. Ọkùnrin gíga ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀, kò sì ṣe eré rí. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni wọ́n wà, olùdarí rí gíga rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó gbà.

Ilé alájà kan tí wọn ò kọ́ parí ní Okokomaiko, tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀, la ti ń ya eré náà. Wọ́n fi ọ̀rá dúdú bo gbogbo ojú fèrèsé kí ọ̀sán lè dà bí òru nínú kámẹ́rà. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ kẹta, síìpù ẹ̀yìn aṣọ ìkookò já. Kò sí àyè láti pààrọ̀ rẹ̀, ni mo bá fi òwú onílọ̀ọ́po méjì rán Tíṣà mọ́nú aṣọ náà láti ọrùn dé ìbàdí.

"Mádàámù, ẹ má rán ẹran ara mi pọ̀ mọ́ ọn o," ó ní, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ìkookò mọ́ ọn lójú. Láti ìgbà yẹn, kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ tó já gaara mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ni ọ̀kan nínú eyín amùjẹ̀ méjèèjì tí mo lẹ̀ mọ́ àbúrò mi lẹ́nu, ti apá òsì, bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo yọ ọ́, mo tún un lẹ̀. Kò tíì gbẹ tí olùdarí fi pè é.

"Jẹ́ kó gbẹ," mo ní.

"Ó ti gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wò ó." Ó fi ahọ́n ti eyín náà. Kò mì. Mo jẹ́ kó lọ.

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ìkookò ni wọ́n fẹ́ yà. Mo ti fi ṣúgà, ògì àti aró pupa tí wọ́n ń fi sí kéèkì se ẹ̀jẹ̀ sínú ike, mo da díẹ̀ sí i lẹ́nu, ó ṣàn dé àgbọ̀n àti àyà. Ó fò láti orí òpó kan, ó bọ́ sí ẹ̀yìn Tíṣà, ó sì ki eyín bọ irun ọrùn rẹ̀. Nígbà tó fa orí sẹ́yìn, ó mí sínú gan-an bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ṣubú.

"Ó dáa!" olùdarí kígbe. "Ẹ má dúró! Ẹ máa bá a lọ!"

Gbogbo wọn rò pé eré ni. Ó di ọrùn mú, ojú rẹ̀ ń yọ, àwọn tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà sì ń mirí pé ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Èmi náà wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ̀lú ìdùnnú. Ìdùnnú yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Nígbà tó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, pà, pà, pà, mo rí i pé wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé eré. Mo wo ẹnu rẹ̀. Eyín kan ló kù.

Mo sáré wọ iwájú kámẹ́rà. Mo gbá a lẹ́yìn, mo tún gbá a. Nǹkan kan ń fọn bíi fèrè lọ́fun rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ mí. Atẹ́gùn díẹ̀ ń kọjá, ṣùgbọ́n eyín náà ti fi ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọ́ ibì kan, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè.

"Mọ́tò dà?" mo kígbe.

Mọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Olùdarí di orí mú, ó ń yí po lójú kan. Tíṣà ni kò dúró. Ó gbé àbúrò mi lé apá bí ọmọ ọwọ́, ó sì sáré jáde síta. Èmi ń sáré tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ ṣúgà kún ọwọ́ mi méjèèjì.

Kò sí ẹni tó rántí nínú wa pé ìkookò ló ń sáré jáde yẹn.

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Ojú ọ̀nà kún: àwọn oníṣọ́ọ̀bù, àwọn oníkẹ̀kẹ́, àwọn obìnrin tó ń ti ọjà Alaba bọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n rí ẹranko onírun dúdú, tó ga ju èèyàn lọ, tó ń gbé obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ jáde láti inú ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Obìnrin kan kọ́kọ́ pariwo. Lẹ́yìn náà, gbogbo òpópónà gbà á.

"Wọ́n ń pa èèyàn o! Àwọn afèèyàn-ṣowó ti wà nínú ilé yìí látọjọ́!"

"Hold am! No let am go!"

Kí a tó dé títì, wọ́n ti dí wa lọ́nà. Tíṣà ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣí, igbe lásán ló ń jáde, igbe náà sì mú kí wọ́n bínú sí i. Òkúta àkọ́kọ́ bà á léjìká. Ọkùnrin kan tó síngbọnlẹ̀ mú pákó wá, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Tíṣà kúnlẹ̀. Kò sọ àbúrò mi sílẹ̀. Ó tẹ̀ bò ó kí òkúta má bàa bà á, bó sì ṣe tẹ̀ yẹn, lójú àwọn èrò, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń jẹ ẹ́.

"Taya!" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ gbé taya wá!"

Mo ń pariwo pé eré ni, fíìmù ni, àbúrò mi ni. Ẹnì kan rí ọwọ́ mi, ó gbá mi lọ́rùn mú. "Ìwọ náà wà pẹ̀lú wọn!" Lábẹ́ Tíṣà, mo ń gbọ́ fèrè yẹn. Ó ti ń tín-ín-rín sí i.

Ó wá sí mi lọ́kàn kí n lá ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi kí wọ́n lè mọ̀ pé ṣúgà ni. Mo dúpẹ́ pé mi ò ṣe é. Tí mo bá lá ẹ̀jẹ̀ níwájú àwọn èèyàn yẹn, ibẹ̀ ni wọn ì bá sin mí sí.

Àlùmọ́gàjí mi wà lọ́rùn mi, mo fi okùn so ó kọ́. Bí mo ṣe fà á yọ, wọ́n kígbe pé mo yọ ọ̀bẹ, ẹni tó dì mí mú sì tú ọwọ́ nínú ìbẹ̀rù. Mo kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn Tíṣà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé òwú tí mo fọwọ́ ara mi rán. Mo ń retí pákó ní àárín orí mi. Mo gé láti ọrùn, mo gé dé àárín ẹ̀yìn, bùláńkẹ́ẹ̀tì náà là sí méjì, ẹ̀yìn èèyàn sì yọ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti rẹ fún òógùn. Mo di irun orí ìkookò mú, mo fà á. Ó bó awọ díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ariwo náà kò dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Ohùn obìnrin kan wá jáde nínú rẹ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró o! Tíṣà ọmọ mi nìyí!"

Ìyá kan tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun òpópónà náà ni. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín èrò, ó sì dúró síwájú wa, ó na apá méjèèjì. "Òun ló kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ nà án, kó kọ́kọ́ nà mí."

Nígbà náà ni mo lè sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́: "Nǹkan há sí i lọ́fun. Kò lè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mọ́tò fún wa."

Ọkùnrin tó mú pákó sọ ọ́ sílẹ̀. "Kórópe mi nìyẹn," ó ní. Òun náà ló gbé ẹsẹ̀ àbúrò mi, Tíṣà gbé orí. Ó wa ọkọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń tẹ fèrè, kò sì yé béèrè lọ́wọ́ mi láìwẹ̀yìn: "Ṣé ó ṣì ń mí? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì ń mí?"

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn aládàáni kan lọ́nà Iba, nọ́ọ̀sì rí ẹ̀jẹ̀, ó fọwọ́ dí ilẹ̀kùn. "Ta ló gún un? Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá."

Mi ò bá a jiyàn. Mo fi ìka nu àgbọ̀n àbúrò mi, mo ki ìka náà bọ ẹnu, mo lá a mọ́, mo sì na ìka kejì sí i. "Ṣúgà ni. Ẹ tọ́ ọ wò." Nọ́ọ̀sì náà wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó wá gbọ́ fèrè tó ń dún lọ́fun aláìsàn, ó sì ṣílẹ̀kùn gbayawu.

Dókítà lo ohun kan bí ẹ̀mú gígùn. Mi ò lè wò ó. Mo gbọ́ tí àbúrò mi mí kanlẹ̀, tó wúkọ́, tó sì bú sẹ́kún. Nígbà tí mo máa yíjú, eyín náà ti wà nínú abọ́ irin kékeré kan. Kò tóbi tó hóró àgbàdo.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ohùn rẹ̀ tó padà, kò sì padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó há díẹ̀. Olùdarí wá bẹ̀ wá nílé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé kámẹ́rà kò dúró nígbà tí àbúrò mi ń kú lọ, pé ohun tó yà yẹn dára ju gbogbo ìyókù lọ. Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi ní kó lò ó. A jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, òun àti èmi, ìjà tí a kò tíì jà rí láti kékeré. Nígbẹ̀yìn, ó rí bí mo ṣe ń sunkún, ó ní kí olùdarí pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́ lójú mi.

Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí wọ́n tó padà sẹ́nu yíya eré náà, kí n lè wọn ìkookò tuntun fún un. Egbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń san. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nígbà tí mo kúnlẹ̀ yẹn?" ó ní. "Kì í ṣe pákó yẹn. Mo mọ igbe àwọn èrò yẹn ni. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀, wọ́n pariwo olè lé ọkùnrin kan. Mi ò nà án. Ṣùgbọ́n mo sáré tẹ̀lé wọn, mo sì bá wọn pariwo. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló jí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Mi ò mọ̀. Mo ní kíláàsì, mo wọ ọkọ̀ lọ."

Mo ń wọn èjìká rẹ̀, mo rí ojú ibi tí pákó ti bà á, mo sì gbé okùn ìwọnṣọ gba òkè rẹ̀ kó má bàa dùn ún.

Fíìmù náà parí. Kò sọ ẹnì kankan di olówó nínú wa, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, ohùn àbúrò mi tó há ni wọ́n sì ń yìn jù, wọ́n rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ṣe méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà kò ṣe eré mọ́. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe yẹn ti di oníbàárà mi, mo sì ti di tirẹ̀. Ní ti ọkùnrin onípákó, ó wá kí àbúrò mi nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè bóyá ó ti jẹun, ó sì lọ láìjókòó.