Àdúrà Tí N Kò Ṣàmín Sí

Bàbá mi kì í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. “Mo gbọ́” ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí o bá ní ebi ń pa ọ́, á ní òun gbọ́. Bí o bá ní ilé ń jó, mo rò pé ohun tó máa kọ́kọ́ sọ náà nìyẹn kó tó wá omi. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún un pé èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń ṣe eré àtìgbàdégbà kan fún tẹlifíṣọ̀n, pé a máa ya ìdajì rẹ̀ ní Bàrígà, a ó sì lọ ya ìdajì yòókù ní Lọ́ńdọ̀nù, kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó ní, “Mo gbọ́.”

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ nígbà náà. Ìsàlẹ̀ ilé wa ní Bájúláyé ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, òkè la sì ń gbé. Kí ìdìbò tó dé, pósítà olóṣèlú kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Ọkùnrin kan náà tó na ọwọ́ sókè, tó ń rẹ́rìn-ín, ló ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ìdìbò parí, èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn pósítà náà ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Ẹ̀yìn wọn funfun, ẹ̀yìn yẹn la sì kọ eré wa sí. Bí o bá yí ìwé eré wa padà, eyín olóṣèlú ni wàá rí, tàbí ìdajì fìlà rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń ṣa àwọn pósítà náà, tí mo ń fọwọ́ ya wọ́n játijàti. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọ́n ti ń gé wọn sí ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí mo máa ń gbà kọjá. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe mí lóore.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọ̀rẹ́ tí mo ní. Èkíní ló ni kámẹ́rà. Ìgbéyàwó ló fi ń yà ní Ọbáníkòró ní gbogbo Sátidé, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́, bó bá ti rí àwo oúnjẹ tàbí bàtà tó ń dán, ibẹ̀ ni kámẹ́rà rẹ̀ máa lọ. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin tó ń kàwé ní Akọ́kà. Òun ló ń kọ eré náà, ó sì dá a lójú pé kò sí ẹni tó mọ eré kọ tó òun. Ẹnì kẹta kò mọ nǹkan kan nípa eré, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n náà sì ti ní kí a máa bọ̀, pé ilé òun gbà wá. Ìyẹn ti tó láti sọ ọ́ di ọ̀gá wa. Èmi ni mo ń ṣe ọmọbìnrin Bàrígà tó fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò kọ̀wé sílé mọ́.

Mo fẹ́ lọ. Kí n má parọ́, oúnjẹ gan-an kì í wù mí tó bí ìrìn-àjò yẹn ṣe ń wù mí. Mo ti mọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí mo máa jókòó sí nínú ọkọ̀ òfúrufú. Mo ti ra súwẹ́tà nínú ọ̀kírìkà, èyí tó nípọn, tó dé ọrùn. Ọmọ Akọ́kà ní kí n máa fi dánra wò bí ẹni tí òtútù ń mú, nítorí náà, ní ọ̀sán gangan, mo máa ń wọ̀ ọ́, mo máa dúró sí bẹ́líkọ́nì, mo máa máa gbọ̀n, òógùn á sì máa dà bò mí. Àlájà tó ń gbé yàrá iwájú bi màmá mi bóyá ibà ni.

Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n má sọ ìrìn-àjò náà fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ó ní, “Ẹnu èèyàn ò dáa. Tó o bá débẹ̀ tán, ká wá sọ pé o ti lọ.” Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe máa gbé báàgì jáde ní àgbàlá, kí o máa dágbére, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé ọ, kí àwọn ayálégbé má mọ̀? Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ilé ń pè mí.

Ohun kan ló kù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, díákónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò sì sí ọmọ rẹ̀ tó máa rin ọ̀nà jíjìn kó má kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó gbé ọwọ́ lé e lórí. Kádúná lásán ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ, àdúrà tí bàbá mi ṣe fún un pọ̀ débi pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí kò bá tíì ṣàdúrà, kò tíì gbà. Kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ eré. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń ṣeré. Iṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ kí n lọ kọ́. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù létí rẹ̀, mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn. “Mo gbọ́.” Ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi orí gbá ògiri.

Màmá mi ní, “Fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá ẹ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tì.”

Ibi tó kẹ́yìn nínú ohun tí a máa yà nílé ni ibi tí bàbá ti ń ṣàdúrà fún ọmọ tó ń lọ. Àgbà òṣèré kan ló máa ṣe bàbá náà, ọkùnrin tó ti ń bá eré kiri ìlú kí wọ́n tó bí wa. A dúró dè é láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, ẹnì kan wá jíṣẹ́ pé àna rẹ̀ kú, pé ó ti lọ sí Ìjẹ̀bú.

Ọmọ Akọ́kà ní kí a lọ bẹ bàbá mi. Mo ní kò ṣeé ṣe.

“Ṣebí bàbá ni wọ́n? Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ kọ́?”

Ẹni tó ni kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ sáàárín bébà. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kò sí wàhálà kankan ńbẹ̀. Ẹ kàn máa jókòó ni, ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹ sọ gbólóhùn méjì, finish.” Ó na ìwé eré sí i. Bàbá mi kà á, ó yí i padà, ó wo ojú olóṣèlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, “Mo gbọ́.”

A rò pé ó ti kọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó pa ẹ̀rọ, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi kẹrosíìnì nu yíǹkì ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Ó gòkè lọ, ó dé fìlà. Mo rò pé nítorí kámẹ́rà ni. Ó ní kí màmá mi bu omi tútù wá nínú ife. Ọmọ Akọ́kà wo ìwé rẹ̀, kò rí omi níbẹ̀, ó ní kò burú.

Ohun tí wọ́n kọ fún èmi ni pé kí n kúnlẹ̀, kí n dorí kodò, kí n má sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ Akọ́kà kìlọ̀ fún mi gidigidi: ọmọbìnrin inú eré ń bínú sí bàbá rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣàmín. Ó ní ìyẹn gan-an ló máa pa àwọn òǹwòran lẹ́kún.

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà ṣì ń rùn kẹrosíìnì. Orúkọ ọmọbìnrin inú eré ló yẹ kó pè, ṣùgbọ́n oríkì mi ló pè, èyí tí kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí mo ti dàgbà.

“Ọlọ́run tó ni ọ̀nà á ṣáájú ẹ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ẹ́. Bí omi ṣe tutù yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ẹ á máa tutù. Ojú ò ní í tì ẹ́ láwùjọ ẹgbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí o fọwọ́ ara ẹ yàn, á dá ẹ lóhùn. O ò ní í ṣe é tì.”

Àmín ń dún láti gbogbo yàrá. Màmá mi ń ṣàmín, àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó dúró sórí àtẹ̀gùn ń ṣàmín, Àlájà yàrá iwájú ń ṣàmín ju àwa tí a jẹ́ ọmọ ìjọ lọ. Èmi nìkan ni mo dákẹ́. Mo ti mọ̀ pé èyí kì í ṣe eré mọ́, síbẹ̀ ohun tí wọ́n kọ fún mi ni mo dì mú. Omi ń bọ́ lójú mi, mo pa ẹnu mọ́ gbáà. N kò tíì ṣe eré tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ nílé kejì. Bàbá mi ò dúró, ó gba tirẹ̀ parí, ó sì fún mi ní omi náà mu.

Ẹni tó ni kámẹ́rà ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ti ba ohùn jẹ́ sà. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, ẹ wá pe orúkọ inú eré lọ́tẹ̀ yìí.”

“Ká tún kí ni ṣe?”

“Àdúrà yẹn, sà.”

Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló sọ fún yín pé mò ń ṣeré?”

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ, a sì gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Nígbà tí a wo ohun tí ọ̀rẹ́ wa yà, ife omi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Inú mi dùn débi pé n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Bàbá mi ti gbà! Màmá mi ló fa etí mi wọ ilé ìdáná. “O ò ṣàmín.”

“Màmá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.”

“Ta ló kọ ọ́? Bàbá ẹ ń ṣàdúrà fún ẹ, gbogbo ilé ń ṣàmín, ìwọ tó ni àdúrà, o dákẹ́!”

Mo ní kí n yáa lọ ṣe é báyìí. Ó ní àmín kì í ṣe ọbẹ̀ àná tí èèyàn ń gbé kaná.

Àgbà òṣèré náà dé lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣe é ní àṣeyanjú. Gbólóhùn méjì péré ló sọ, gbogbo wa sunkún. Èyí ló wà nínú eré títí dòní. Màmá mi dúró sí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ń fi ojú bá mi wí kí n má lọ gbàgbé ara mi kí n ṣàmín sí ti ẹni ẹlẹ́ni.

Ọjọ́ tí a lọ fún físà, wọn ò fún ẹnì kankan nínú wa. Kò sí ìtàn púpọ̀ níbẹ̀: a wọlé ní mẹ́rin, a jáde ní mẹ́rin, a sì wọkọ̀ padà sí Ṣómólú. Láti ọjọ́ yẹn ni ipò ọ̀gá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó dùn mí wọra. Èyí tó wá burú jù ni pé mo mọ ohun tó fà á. Àwọn yòókù ń wá ìdí kiri, èmi mọ̀ pé àmín tí n kò ṣe ni. N kò lè sọ ọ́ fún ọmọ Akọ́kà, ẹ̀rín ló máa fi mí rín. Mo ká súwẹ́tà sábẹ́ àpótí, mo sì ń sá fún àgbàlá, nítorí Àlájà ò yéé bi mí pé, “Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ wo ni?”

Nígbà tó yá, ọmọ Akọ́kà wá bá mi nílé. Ó ní òun ti tún ìdajì yòókù eré náà kọ. Ọmọbìnrin náà ò ní í lọ mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa padà wálé, àyíká Akọ́kà la ó sì ti ya gbogbo rẹ̀. Bàrígà làwọn tó kù ti ń dúró dè wá. Mo ní kó máa lọ, mo ní n kò ṣe mọ́. Ó bú mi dáadáa, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà, ó kẹ̀yìn sí mi.

“Bàbá, wọn ò fún wa ní físà.”

“Mo gbọ́.”

“Mo sì ti fi eré yẹn sílẹ̀, sà. Màá lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà tẹ́ ẹ sọ.”

Mo rò pé ara máa tù ú. Ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, ó kó ohun tó gé jọ, ó gbá etí wọn sórí tábìlì kí wọ́n lè dọ́gba. Ìgbà yẹn ni mo rí eyín olóṣèlú lára wọn. Ìwọ̀n tí mo mọ̀ náà ni, èyí tí mo máa ń bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó ní, “Àdúrà tí mo ṣe fún ẹ lọ́jọ́sí, ṣé o gbọ́ orúkọ ìlú kankan nínú ẹ̀?”

Mo rò ó. Ó dárúkọ ọ̀nà, ó dárúkọ ilẹ̀, ó dárúkọ ẹgbẹ́ mi àti iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi yàn. Kò dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù.

“Rárá, sà.”

“Ta ló wá sọ fún ẹ pé ó ti bàjẹ́?” Ó kó àwọn bébà náà lé mi lọ́wọ́. “Ẹgbẹ́ ẹ wà lórí àtẹ̀gùn tó ń dúró dè ẹ́. Iṣẹ́ tí o yàn á dá ẹ lóhùn.”

“Àmín, sà.”

Wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, n kò sì mọ̀ bóyá ó dé etí rẹ̀. Mo tún fi gbogbo ẹnu pariwo rẹ̀, “Àmín, sà!”

Bàbá mi ti yí padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, “Mo gbọ́.”