Ìta Ṣọ́ọ̀bù Tó Ṣófo

Ọjà ni wọ́n fi tọ́ wa. Ní Moshie Zongo níbí, lẹ́yìn odi, bàbá mi ta abọ́ tánganran, èmi náà tà á. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí a má pàtẹ. Bí ìta ṣọ́ọ̀bù bá ṣófo, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ wa á ní nǹkan ti ṣe onítọ̀hún.

Ìgbà tó yá, ike gba ìgboro, abọ́ kò tà mọ́. Ọmọ mi obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ irun ní Santasi, ní kí n fún òun ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Mo ní, “Kí lo máa wá tà?”

“Ọwọ́ mi ni, Bàbá.”

Mo wo ìgboro. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri, àwọn ló ń kọ́lé báyìí; àwa tí ọjà kún ṣọ́ọ̀bù wa là ń lé eṣinṣin. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyàwó tuntun kan, tí wọ́n máa so yìgì rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Bí irun yẹn bá dára, gbogbo obìnrin ibẹ̀ á béèrè ẹni tó ṣe é. Bí kò bá dára, ó parí.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ náà, ìyá ọmọ mi kò lè fara da ìta tó ṣófo. Ó kó abọ́ tó ṣẹ́kù jáde, ó tò wọ́n ga bo àwòrán irun tí ọmọ gbé síta. Inú mi dùn.

Oòrùn yọ, a kò rí ìyàwó. Oòrùn mú, a kò rí i. Ọmọ ń to kóòmù, ó ń tú u. Mò ń fa tẹ̀sùbáà, n kò mọ ohun tí mò ń kà.

“Àbí wọ́n ti gba ibòmíràn lọ?”

Ìyàwó mi ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ fi ẹnu ire sọ̀rọ̀ o.”

Àwọn obìnrin mẹ́ta wé ìbòrí kọjá, wọ́n tún padà kọjá. Ọ̀kan yà sọ́dọ̀ mi.

“Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ṣọ́ọ̀bù onírun wà? Ìyàwó la mú wá ṣerun. Ibi tí wọ́n júwe rèé, àmọ́ abọ́ la rí.”

Ọmọ mi ti gbọ́. “Ìyá! Ta ló ní kí ẹ pàtẹ?”

“Kí àwọn èèyàn wá rò pé a ti kú?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Mámà, ó kù díẹ̀ ká ra abọ́ ká máa lọ!”

Mo sáré kó abọ́ wọlé. Ọ̀kan nínú abọ́ náà ni ọmọ mi fi bu omi ṣan irun ìyàwó. Ìrun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jáde, n kò sì lè mọ̀ lójú wọn bó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó síwájú ìta tó ṣófo, bí ẹni tó gbàgbé aṣọ sílé. Obìnrin méjì tó débi yìgì dé. Wọn kò tiẹ̀ wò mí. Wọ́n wọlé tààrà.

Mo ṣì ń wo ọ̀nà, bóyá ẹni tó máa ra abọ́ á kọjá.