Ẹ́ńjìn-Síìtì Tí A Lọ Rà ní Bìní

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni a gbéra ní Kàbà, èmi àti àwọn, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ni. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Lọ́kọ́ja, níbi tí àga kò tí ì kárí, tí àwa mìíràn ń jókòó lórí àpótí. Mo gba ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ wálé. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti oṣù márùn-ún wà ní ìdí ìró mi, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ó lé díẹ̀. Bàbá mi ká páálí fífẹ̀ kan, wọ́n há a sí abíyá.

Irin ọkọ̀ ni a ń wá lọ. Bàbá mi ní Pijó 404 kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ òyìnbó tí wọ́n ń wa ọkọ̀ fún nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ìlú wa. Lábẹ́ iwájú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, irin ńlá kan wà tí ó gbé ẹ́ńjìn dúró, tí ó sì di ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì mú. Ẹ́ńjìn-síìtì ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Ó ti lé ní ogún ọdún tí tiwa ti ń ṣiṣẹ́, ìpẹtà sì ti jẹ inú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó pé oṣù kan tí ó kán lójú ọ̀nà Ìyàrá, tí táyà iwájú yẹ̀, tí ọkọ̀ sì wọgbó pẹ̀lú bàbá àti ìyá mi nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ohun kan bàjẹ́ láàrin àwọn méjèèjì. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Kírísítẹ́nì ni ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bàbá mi ni ó máa ń gbé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òbí wọn ní Ìyàrá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí bàbá mi yóò sì jókòó sábẹ́ igi títí ìsìn yóò fi parí. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ìyá mi kò jà, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní àwọn yóò máa wọ ọkọ̀ èrò. Mo gbọ́ pé bàbá mi kò fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Múfú, mẹkáníìkì wa, ní wẹ́dà lè jó irin náà pọ̀ lówó pọ́ọ́kú. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní aṣọ tó ti gbó, òwú tuntun kì í dì í mú mọ́.

Ogún náírà ni a san lẹ́nì kọ̀ọ̀kan láti Kàbà dé Òkénè. Òjò ti gbẹ́ ẹ̀bá títì, kòtò sì pọ̀ débi pé awakọ̀ ń wá ọ̀nà nínú ọ̀nà. Ní Òkénè, Ebira ni gbogbo ẹnu ń sọ, n kò gbọ́ kan níbẹ̀. Haúsá ni bàbá mi fi bá wọn dúnàádúrà, nítorí ọmọ Àríwá ni ìjọba pè wá fún ọjọ́ pípẹ́, èdè náà sì ti mọ́ àwọn àgbà wa lẹ́nu. Àádọ́ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Bìní.

Awakọ̀ tí ó gbé wa, ọkùnrin Ebira kan tó gbọ́ Yorùbá, bi bàbá mi léèrè ohun tó wà nínú páálí. Bàbá mi tú u hàn án. Wọ́n ti gbé páálí náà lé ẹ́ńjìn-síìtì tó kán, wọ́n sì ti fi pẹ́ńsù ya gbogbo ojú ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀ sí i. Awakọ̀ náà ní òun pẹ̀lú ti pààrọ̀ tòun, àti pé àfarawé tuntun, tí kì í ṣe àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló rọ ọ́, ni òun rà. Ó ti lo ọdún méjì lórí rẹ̀ láìsí wàhálà.

“Ṣùgbọ́n Òkénè sí Bìní ni mò ń rìn, Bàbá,” ni ó wí. “Tí mo bá máa ń wọnú oko lọ kó iṣu, n kò ní rà á.”

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Inú mi dùn, nítorí èmi ti fọkàn sí àfarawé yẹn látilé. Ó kéré lówó, ó sì jẹ́ tuntun.

A jẹun ní Auchi. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni abọ́ iyán kan pẹ̀lú ọbẹ̀ àpọ̀n. Nílé, ìyá mi yóò gbé iyán kalẹ̀ nínú abọ́ kó máa yọ èéfín. Ti ibẹ̀, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń tú u jáde. Ó dùn, kò sì ní kókó.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí a dé ọjà àlòkù ọkọ̀ ní Bìní. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ọ̀sákùé, olówò kan tó ti gbé Àkúrẹ́ rí, kí wa ní “Ọbọ́khian”, èyí tí í ṣe ẹ káàbọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì yí sí Yorùbá. Méjì ló gbé síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ àfarawé, ọ̀dà dúdú ń dán lára rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Èkejì jẹ́ ojúlówó tòkunbọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Bàbá mi tẹ́ páálí lé àfarawé. Ihò méjì yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan. Wọ́n gbé e sókè, ó fúyẹ́. Ọ̀sákùé kò jiyàn. Ó ní a lè fẹ ihò náà, ó sì dára fún ẹni tí kì í kúrò nígboro. Bàbá mi tún fi sípánà lu ojúlówó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dún gbangan títí ó fi dé igun kan, ló bá dún bí ìgbà tí a lu igbá. Wọ́n fi èékánná họ ọ̀dà ibẹ̀, ojú ìjó wẹ́dà sì hàn. Ọ̀sákùé tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ó ní bí wọ́n ṣe tà á fún òun nìyẹn, òun kò mọ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka opó kan sí wa, tí Pijó ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, tó sì ti ń tà á ní ẹyọ ẹyọ.

Ìyá Ẹfọ́sà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Abẹ́ àtíbàbà páànù ni ọkọ̀ náà wà. Àìsàn ló pa ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìn-síìtì sílẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀, kò wuni wò. Bàbá mi tẹ́ páálí lé e, gbogbo ihò ṣe déédéé. Wọ́n na òwú láti igun dé igun, kò wọ́. Wọ́n lù ú, ó dún bí agogo láti orí dé ìdí.

Obìnrin náà ní kí a mú ẹgbẹ̀rin náírà wá.

Mo rọra fa aṣọ bàbá mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká san án, ká máa lọ.”

Bàbá mi wò mí. “Rábì, irin yìí ju ìlọ́po méjì iye tó pè é lọ. Bí mo bá gbé e báyìí, lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni n óò ti máa gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń wakọ̀.”

Wọ́n yí sí obìnrin náà, wọ́n sì fi pijin tí wọ́n kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà sọ fún un pé iye tó pè kéré, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá wá ra nǹkan lára ọkọ̀ yìí lẹ́yìn àwọn, kí obìnrin náà kọ́kọ́ bi Ọ̀sákùé léèrè iye rẹ̀. Wọ́n ní kí n ka ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin náírà fún un. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fà á lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ènìyàn burúkú, oṣù márùn-ún tí mo fi jẹ gàrí ni mo ń rí nínú owó náà.

Ìyá Ẹfọ́sà di owó náà mú, kò kà á. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, agolo mílíìkì kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì irin náà ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn pé, ọkọ rẹ̀ ti fi gíríìsì pa wọ́n. Ó ní kí a máa mú un lọ, òun kò gba kọ́bọ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo dúpẹ́ ní ọ̀nà tiwọn, “Urúèsé”, òun náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Orí ọkọ̀ ni wọ́n so irin náà mọ́ bí a ti ń padà, ọgọ́rin náírà ni wọ́n gbà fún un. N kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Auchi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi pa ebi lọ́nà. Ní Òkénè, bàbá mi bó ọ̀kan tó gbẹ̀yìn, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n sì fi èyí tó tóbi lé mi lọ́wọ́. Ìbínú mi kò lè kọjá ibẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí a wọ Kàbà. “Òkun o,” ni ìyá mi fi kí wa káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń kíni nílùú wa. Wọ́n wo irin náà, wọ́n bi wá ní iye tí a rà á. Bàbá mi sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹgbẹ̀rin dé orí agolo bọ́ọ̀tì. Mo retí pé ìyá mi yóò bá wọn wí nítorí owó mi. Omi ìwẹ̀ ni wọ́n lọ bù fún bàbá mi.

Nígbà tí Múfú wá dè é, ó ní bí kò bá sí bọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn, à bá tún padà lọ sí Bìní, nítorí kò sí irú wọn ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé iye tí olówò pe ọjà, iye tí ọjà lè ṣe, àti iye tó tọ́ kí a san, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó kéré jù ni èmi ti ń wò ní gbogbo ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí bàbá mi tó ṣíná sí ọkọ̀, ìyá mi ti wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú Bíbélì lórí itan. Àpò iṣu kan wà lẹ́yìn. Ìyá mi ní kí a kọ́kọ́ yà ní gáràjì, kí a fi í rán awakọ̀ tó bá ń lọ sí Bìní sí Ìyá Ẹfọ́sà.

Bàbá mi bi wọ́n ní iṣẹ́ tí awakọ̀ náà yóò jẹ́ fún opó náà.

“Kó sọ fún un pé irin ọkọ rẹ̀ ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”