Ẹ̀jẹ́ Tó Gbé Mi Dé Longbridge

Òórùn túràrí ló máa ń jí mi nínú ilé àdúrà ní Longbridge, nílùú òyìnbó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyá Àdúrà, wòlíì obìnrin tó ni ilé náà, á ti tan àbẹ́là ní pálọ̀. Màá wọ sùtánà mi, màá kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tútù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀: kí n máa bẹ Ọlọ́run kó dá ẹ̀mí bàbá mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Ilé wa gan-an wà ní Valence, kò jìnnà rárá. Àìsàn kíndìnrín ló dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí àwọn bá dìde, ilé Ọlọ́run ni èmi, ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn bí, yóò máa gbé níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá wà láyé. Wọ́n dìde lóòótọ́. Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá sílé lópin ọ̀sẹ̀. Bàbá mi ní, “Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.” Bàbá mi kì í ṣe òǹrorò o. Ẹ̀rù ikú ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù ikú kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ẹkún ọmọ.

Sọ́ńdè nìkan ni mo ń rí wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi á di irun mi nínú mọ́tò lẹ́yìn ìsìn. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé, “Mummy, ìgbà wo ni màá wá sílé?” Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ kí àìsàn Daddy ẹ padà wá ni? Jókòó jẹ́ẹ́.” Wọ́n tún ya irun mi, wọ́n ń dì í lọ.

Ilé ìwé ni mo ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ ọba Japan láyé àtijọ́. Tíṣà wa ní bí ọba tuntun bá gorí oyè, wọ́n á mú ọmọbìnrin kan nínú ìdílé ọba, wọ́n á rán an lọ sí ojúbọ kan tó jìnnà, kó máa gbàdúrà fún ọba níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ọba á fi òòyà sí irun rẹ̀, á ní kó má ṣe bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà ní ìránṣẹ́ rẹpẹtẹ, ó ní aṣọ sílíkì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lọ́kọ, wọn kì í sì í dárúkọ ikú níbẹ̀. Kò ní padà sílé àfi bí ọba bá kú, tàbí tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní aṣọ rẹ̀ á mà rẹwà. Èmi bi tíṣà bóyá ọmọ náà fẹ́ràn ọba. Ó ní òun ò mọ̀.

Mo ro ó títí. Ọmọ tó ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọba, ara rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Àdúrà tèmi náà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi wúwo lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, síbẹ̀ mo ń gbà á láràárọ̀. Mo fẹ́ bàbá mi. Mo fẹ́ ilé wa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí màmá mi lẹ́nu géètì ilé ìwé, wọ́n gbé báàgì aṣọ mi dání. “Bọ́ sí mọ́tò. Ilé là ń lọ.” Mo fò sókè fún ayọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀ tí mo fi rí ojú wọn tó ti wú fún ẹkún.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Mo mọ ohun tí kíndìnrín ń ṣe fún èèyàn, mo mọ̀ pé kò sí ọmọ tó lè fi orúnkún gbé ẹ̀mí bàbá rẹ̀ ró. Mo ti ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà nínú mi yẹn títí, kò gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi wá bá mi níbi iṣẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé.” Mo dúró sójú kan, mo bi í pé, “Ta ló kú?”