Ilé Ìwẹ̀ Ìyá Làmídì

Ìyá mi àgbà fi ọmọ odó já ilẹ̀kùn mọ́ tọkọtaya kan lórí nínú ilé ìwẹ̀. Ewé gúáfà tí ọmọ mi rẹ sínú omi gbígbóná lánàá ló gbé òórùn ọjọ́ náà padà wá bá mi.

Ìlú kékeré kan ni, nínú àfonífojì lẹ́yìn Ìgbẹ́tì, níbi tí ìkùukùu ti máa ń sùn sórí ewé iṣu títí oòrùn á fi mú. Àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Mo bá Ìyá Àgbà lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò wọn. Àwọn ọkùnrin mélòó kan níbẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ òkúta mábù ní Rọ́ṣíà, wọ́n sì mú ìyàwó bọ̀. Àwọn ọmọ wọn, onírun pupa, ń bú ara wọn ní ohùn Ìgbẹ́tì gan-an.

Ìyá Làmídì, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Rọ́ṣíà náà, tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹnjiníà lẹ́nu gbogbo wa, ló kọ́ ilé amọ̀ kan sẹ́yìnkùlé. A ò mọ ohun tó wà fún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a gbọ́ pàá! pàá! níbẹ̀, ẹnì kan sì ń kérora.

Ìyá Àgbà gbé ọmọ odó: "Ẹnjiníà! O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ tí kò ní ẹbí nítòsí?"

Ilẹ̀kùn já, ooru bò wá lójú. Nígbà tó fẹ́lẹ́, Ẹnjiníà la rí tó dojú bolẹ̀ lórí pẹpẹ, tó ró táwẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó rẹ̀ ló di ẹ̀ka gúáfà mú.

"Màmá, ìwẹ̀ là ń wẹ̀ o. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ewé na ara nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbọ́ pé obìnrin ń na ọkọ. Baálẹ̀ ní kí wọ́n wó ilé náà kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Ìyá Làmídì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Ibí nìkan ni mo ti ń gbóòórùn ilé wa."

Ìyá Àgbà ò lè jẹun mọ́. Àwọn ló kó wàhálà náà bá Ìyá Làmídì. Ní Àlàmísì, wọ́n tú ìró, wọ́n wọlé: "Ó yá, na èmi náà."

"Ìyá arúgbó ti ya wèrè!" làwọn obìnrin tó dúró síta ń wí.

Nígbà tí wọ́n jáde, ara wọn ń dán bí ẹní fi òrí pa á. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé wọn ò fi omi gbígbóná jó yín nígbà tẹ́ ẹ bímọ ni? Ìwẹ̀ ọlọ́mọ tuntun náà ni. Tiwọn ò kàn ní kéèyàn kọ́kọ́ bímọ."

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Baálẹ̀: "Ẹ rán ìyàwó yín wá wò ó."

Ìyàwó Baálẹ̀ wọlé láàárọ̀ Jímọ̀. Àwọn tó gbé ọkọ́ wá wó ilé dúró, wọ́n dúró, wọn ò lè wó o lé e lórí. Títí wọ́n fi pe ìrun, kò jáde.

Àwọn onírun pupa ti fọ́n ká báyìí. Ìyá Làmídì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ òkè. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ní ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ṣùgbọ́n ilé amọ̀ náà ṣì ń rú èéfín. Baálẹ̀ tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí sọ fún mi pé àwọn máa pààrọ̀ páànù rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. "Ọmọbìnrin mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Níbo lẹ fẹ́ kó ti wẹ̀?"