Ihò Mẹ́ta tí A Fi Ọwọ́ Kọ

Kayé náà ṣì wà lórí tábìlì mi ní Banifandou. Kayé ni gbogbo wa ń pe ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ní Niamey níbí. Ìlà inú rẹ̀ kì í nà gbọọrọ nìkan bíi ti ilé. Òmíràn tún dábùú rẹ̀, tí gbogbo ojú ewé fi kún fún àpótí wẹ́wẹ́. Àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà márùn-ún géérégé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi kọ kóòdù sínú irú kayé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì lè sọ láìtijú pé n kò tíì gbádùn Sátidé bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n tí mo ń wí yìí, a ò bá ara wa tan. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ Ìsẹ́yìn lèmi. Nígbà èwe wọn, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ fún ẹ̀rọ ọ̀hún, nọ́ńbà náà ló sì ń tẹ̀ lé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n gbọ̀nà Niamey wá, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Dar es Salam níbí, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Èmi ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún àjọ kan. Iṣẹ́ mi kò ju kí n ka páálí, kí n tún un kà. Bí mo bá délé, ọwọ́ mi máa ń yún mi láti ṣe nǹkan tó ṣeé dì mú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ náà lórí fóònù: ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń fi irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ igi. CNC ni wọ́n ń pè é. Mo fi han ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn ìsìn, mo rò pé á yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Èyí tí mo lò ní Ìbàdàn tóbi ju iyàrá rẹ lọ,” ni wọ́n wí. “Ọmọ rẹ̀ nìyí.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọjà Katako nìyẹn. Láàárín àwọn tó ń ta pákó àti àwọn tó ń ta irin àlòkù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú là ń wá, ká lè tú mọ́tò kéékèèké inú wọn. Bàbá Haúsá kan mọ̀ wá débi pé, bó bá ti rí wa lókèèrè, á ní òun ti kó òkú tuntun pamọ́ dè wá. Oṣù mẹ́jọ la fi to ẹ̀rọ náà sí fàráńdà mi. Ìyàwó mi ní òun ò mọ̀ pé òun fẹ́ ọkọ tó máa sọ ibi tí òun ń sá aṣọ sí di ilé iṣẹ́. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi ní kóòdù. G0 ni kí irin sáré lọ láìkan igi. G1 ni kí ó máa gé lọ tààrà. G2 ni kí ó yípo. X ni ọ̀tún àti òsì, Y ni iwájú àti ẹ̀yìn, Z ni òkè àti ìsàlẹ̀. Bí o bá kọ G1 Z-2, irin á wọ inú igi ní mìlímítà méjì. A ó kọ́kọ́ fi bírò ya nǹkan tí a fẹ́ gbẹ́ sínú àpótí kayé, a ó ka àpótí, a ó wá máa kọ nọ́ńbà ní ìlà kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé kejì. Ìyókù, sùúrù ni, èmi ò sì ní i.

Ẹ̀gbọ́n ní òfin kan. A kò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti ka kóòdù sórí igi. Wọ́n á máa kà á sókè láti inú kayé, èmi á sì máa fi ìka rìn ín lórí pákó. Bí wọ́n bá ka G0, mo gbọ́dọ̀ gbé ìka sókè. Bí wọ́n bá ka G1, mo gbọ́dọ̀ fi kan igi. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, mo bẹ̀ wọ́n pé ká fo kíkà. Mo mà ti gbàgbé láti kọ ìlà tó ń gbé irin sókè. Irin la pákó já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó kán, ó fò kọjá létí mi. Ẹ̀gbọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n jókòó.

“Àbúrò, ẹ̀rọ ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ,” ni wọ́n wí. “Ohun tó o kọ ló mọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, n kò tún dábàá kí a fo kíkà mọ́. Báyìí la ṣe gbẹ́ nọ́ńbà ilé, ìdérí àpótí, àti abọ́ iyọ̀ fún ìyàwó mi kí ó lè forí ji fàráńdà. A gbẹ́ àgbélébùú kan fún ṣọ́ọ̀ṣì tí apá rẹ̀ kan fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí àfi àwa méjèèjì, tí a bá sì ti ṣèèṣì wò ó nígbà ìwàásù, ńṣe là ń tẹjú mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa wá.

Ọmọbìnrin mi ló kó lójísíẹ̀lì wọlé. Niamey la bí i sí, iléèwé Faransé ló lọ, Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Lójísíẹ̀lì ló ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń ya àwòrán nǹkan, tí ètò náà á sì kọ kóòdù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Papa, ẹ wò ó, c'est facile,” ló wí, pé ó rọrùn. “Ẹ kàn yà á, lójísíẹ̀lì á ṣe gbogbo le reste.”

Kí n tó mu omi tán, ó ti ya abọ́ kan, kóòdù rẹ̀ sì ti jáde, ìlà rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Abọ́ tó ti inú igi jáde dán láti etí dé ìdí. Tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ní ìpele ìpele là ń gbẹ́ ẹ, inú rẹ̀ máa ń ní àtẹ̀gùn yípo, a ó wá fi sáńpépà ha á títí ọwọ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo fẹ́ràn lójísíẹ̀lì náà lójú ẹsẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé abọ́ náà sún mọ́ ojú wọn, wọ́n yí i, wọ́n ní ó dára.

“Ta ló kà á?” ni wọ́n wá bi mí.

Mo ní kò sẹ́ni tó lè ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìlà.

Ìdí tí wọ́n fi gbé abọ́ sún mọ́ ojú bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ ronú sí nígbà náà. Ojú wọn ń kú díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Kò tó ọdún kan tí ó fi di pé èmi ni mò ń ka kóòdù sókè, tí wọ́n ń fi ìka rìn lórí igi. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n ní bí ẹnubodè Nàìjíríà tí ìjọba tì pa bá ti ṣí, àwọn ń lọ sílé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó ṣí lóòótọ́, wọ́n gba àyè nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba Kọ́nní ní ẹnubodè lọ, ti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí fún: ọpọ́n ayò. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin yìí ló kọ́ wọn ní ayò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ti ń ṣèlérí ọpọ́n gidi fún un láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.

“Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ta ayò, kò dìgbà téèyàn bá ríran,” ni wọ́n wí. “Ọwọ́ náà ni ká fi kọ ọ́.”

Mo ṣèlérí. A lọ sí Katako, a rí pákó ọ̀gánwó kan tó nípọn dáadáa, ẹyọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní láti kọ kóòdù ihò méjìlá. Ìlà mẹ́fà ni mo kọ. Iṣẹ́ pọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí, ó sì rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ ni pé lójísíẹ̀lì ti sọ mí di ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo ní kí ọmọ mi bá mi ya ọpọ́n. Ó yà á, ó fi fáìlì sílẹ̀ fún mi, ó lọ sí Dosso fún ìdánṣẹ́wò rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n lọ, ẹ̀gbọ́n jókòó sí fàráńdà, wọ́n gbé ìka lé pákó, wọ́n ń dúró dè mí kí n kà. Mo ṣí kayé àtijọ́ síbi kóòdù abọ́ kan tí a ti kọ rí, mo kà á, mo sì ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà lẹ́nu bí mo ti ń lọ. Ìka wọn rìn títí dé òpin. Mo wá tan ẹ̀rọ, fáìlì ọmọ mi ló sì wà nínú rẹ̀.

Mo rí i pé wọ́n tẹ́tí. Kóòdù tí a fi ọwọ́ kọ máa ń dún, á dákẹ́, á tún dún, nítorí ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ti lójísíẹ̀lì ń kùn lọ láìdánu dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè, mo ń béèrè bí wọ́n ṣe di ẹrù, mo ń béèrè omi tí wọ́n máa mu lọ́nà. Wọ́n ń dá mi lóhùn jẹ́jẹ́.

Ihò kẹsàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni iná lọ. “An ɗauke wuta, sai haƙuri,” ni aládùúgbò wa wí láti ẹ̀yìn ògiri, pé wọ́n ti mú iná lọ, ká ṣe sùúrù, bó ti máa ń kéde rẹ̀ fún wa bí ẹni pé àwa ò mọ̀.

Ẹ̀rọ wa kì í rántí ibi tó wà bí iná bá lọ. Èèyàn gbọ́dọ̀ júwe rẹ̀ fún un, kí ó sì mọ ìlà tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà tó wà níbẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn ló sì jọra. Mo pe ọmọ mi, fóònù rẹ̀ ò lọ. Bí mo bá ṣi ìlà yàn, irin á la ihò mẹ́sàn-án já, kò sì sí pákó mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Sátidé mìíràn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni mo wí. “Kóòdù tí mo kà kọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ.”

“Kóòdù abọ́ iyọ̀ ìyàwó rẹ lo kà sí mi létí,” ni wọ́n dáhùn. “Èmi ni mo kọ ọ́. Ṣé ojú lo rò pé mo fi ń rántí?”

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ojú tó ń wò mí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n mú ọwọ́ àwọn dé orí ọpọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò yí inú ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́,” ni wọ́n wí. “Ó mọṣẹ́. Inú rẹ̀ dán bí abọ́ tánganran. Mi ò bínú sí lójísíẹ̀lì. Ìwọ ni mò ń bínú sí, torí o rò pé ọpọ́n ni mo fẹ́. Sátidé kan sí i ni mo fẹ́.”

Mo lọ mú kayé.

Wọ́n ń pè é, mò ń kọ ọ́. Ihò kan ṣoṣo la kọ. Wọ́n ní tí mo bá ti gbé irin sí àárín ihò, kí ẹ̀rọ máa ka ìrìn rẹ̀ láti ibẹ̀, kóòdù kan náà á ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yípo àkọ́kọ́ ni ó fẹ̀ jù, a wọlé ní mìlímítà méjì, yípo kejì kéré sí i, a tún wọlé. Ìlà mọ́kàndínlógójì. Nígbà tí a wá kà á, tí ìka wọn ń yí lókè pákó, mo dúró lójijì.

“Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì gbé irin sókè,” ni mo wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá wọ́n gbàgbé ni, àbí wọ́n fi dán mi wò. Mo kọ ìlà náà, ó di ogójì.

Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ẹ̀rọ dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí sí i. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí kí oòrùn tó wọ̀, èyíkéyìí ò sì bàjẹ́. Mo mú sáńpépà, mo fẹ́ ha àtẹ̀gùn inú wọn kúrò kí wọ́n lè bá mẹ́sàn-án ìyókù mu. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n gbé ọpọ́n náà lé itan nínú bọ́ọ̀sì, wọn ò jẹ́ kí n fi sínú ẹrù.

Lójísíẹ̀lì ni mò ń lò báyìí. Ó yá, ó sì dára, àárẹ̀ ò sì jẹ́ kí n bá a jà. Ṣùgbọ́n mo máa ń ṣàárò ohùn tó ń ka nọ́ńbà sí mi létí ní fàráńdà.

Oṣù tó kọjá, wọ́n pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin lẹ́yìn, tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ fi ìpè sá fún ayò tí òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ ihò kan yàtọ̀ sí èkejì.

“Mẹ́sàn-án tó dán yẹn máa ń dà mí lọ́kàn rú,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n tí àtàǹpàkò mi bá ti kan àtẹ̀gùn, mo ti mọ ibi tí mo wà.”

“Apá ibo lórí ọpọ́n?” ni mo bi wọ́n.

“Fàráńdà rẹ ni,” ni wọ́n wí.