Àbúrò Tó Kí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Nínú Ríìngì

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ lọ́jọ́ tí eyín àgbàlagbà kan fò kúrò lẹ́nu rẹ̀, tó wá balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Ní Mushin ni. Bàbá mi ló mú mi lọ wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá. Ẹ̀ṣẹ́ òsì ló kọ́kọ́ wọlé, kúkúrú, bí ẹni kanlẹ̀kùn. Ọ̀tún tẹ̀ lé e, mo sì gbọ́ ìró kan tí mi ò gbọ́ rí, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ìkarahun ìgbín fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pariwo. Èmi nìkan ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo mú eyín náà, tí mo fi í sápò. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ti wọ̀ mí lára. Fúnra mi ni mo kọ́ òfin rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wé báńdéèjì mọ́ ọwọ́ akànṣẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so táì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí àgbàlagbà bíi tèmi, tó ń ra ọjà ní Deira, ní ilẹ̀ Lárúbáwá níbí, ránṣẹ́ sí Èkó, fi tún ń ṣètò ìjà, eyín yẹn ni ìdáhùn.

Ní Mushin ìgbà yẹn, tí akànṣẹ́ kan bá ṣàìsàn láàárọ̀, ẹni mẹ́wàá tí ìwọ̀n wọn bá tirẹ̀ mu á ti tò sẹ́nu ọ̀nà kó tó di ọ̀sán. Níbí ńkọ́? Tó bá di ti ẹ̀ṣẹ́, ìlú kékeré ni ibí, bí ilé rẹ̀ ṣe ga tó. Àwọn ìjà ńláńlá tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, àlejò méjì ló ń wá jà á, tí wọ́n á sì gba ọ̀nà ilé wọn lọ. Àwọn tó ń gbé ibí tí wọ́n fẹ́ máa jà, sìkiọ́rítì ni wọ́n, tàbí awakọ̀, tàbí àwọn tó ń nu ilẹ̀ ilé ìtajà. Wákàtí méjìlá ni wọ́n fi ń dúró lójúmọ́. Tí kọ́ńtíráàtì bá sì parí, akànṣẹ́ rẹ lọ nìyẹn. Mo ní ìwé kan tí mo kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ní láísẹ́nsì sí, láti Discovery Gardens títí dé Al Khan, pẹ̀lú ìwọ̀n ara wọn. Ní kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta àbọ̀, ẹni méjì péré ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń gbé yàrá kan náà ní International City, wọ́n sì jọ ní bẹ́ẹ̀dì olókè kan: ẹ̀gbọ́n ń sùn nísàlẹ̀, àbúrò ń sùn lókè.

Kì í ṣe pé ìyá kan náà ló bí wọn o. Ọmọ Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọmọ Ìkòròdú ni àbúrò, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Nígbà tí àbúrò dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n yìí ló fún un ní ìrọ̀rí tirẹ̀, tó ń bu oúnjẹ fún un títí ó fi rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká gba ẹ̀ṣẹ́.

Àbúrò ti ja ìjà méje, ó sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣètò ìjà ní London wá ránṣẹ́ sí mi pé bí ọmọ náà bá borí nínú ìkẹjọ, òun á mú un wá jà lọ́dọ̀ àwọn. Ìborí kan péré ló kù fún un. Mo gba gbọ̀ngàn kan ní Sharjah, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lè wò ó tán kí bọ́ọ̀sì iṣẹ́ tó wá kó wọn. Mo pe alátakò kan láti òkè òkun. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gun ìwọ̀n: kílò méjìdínláàádọ́rin! Ó fi kílò mẹ́rin àbọ̀ lé. Dókítà ò tiẹ̀ jẹ́ kó ṣàlàyé.

"Khalas, ó parí," ni ọkùnrin tó ni gbọ̀ngàn wí. "Kò sí ìjà nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n, tó kàn wá bá àbúrò rẹ̀ gbé omi, bọ́ bàtà, ó gun orí ìwọ̀n. Kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta géérégé.

"Bàbá, ẹ kọ orúkọ mi."

"Ṣé orí ẹ pé?" ni mo bi í.

"Ó pé, sà. Láísẹ́nsì mi ò tíì kú. Dókítà, yalla, ó yá, ẹ wá yẹ̀ mí wò."

Àbúrò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè gbá yín."

"Wàá gbá mi. Torí pé mi ò ní ṣubú fún ẹnikẹ́ni. Tó o bá fẹ́ dé London, ibí lo máa gbà kọjá," ó sì fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. "Tó o bá wá fojú àánú wò mí, màá lù ẹ́ ní àlùbami."

Báńdéèjì tí wọ́n jọ máa ń wé fún ara wọn, àlejò ló wé e fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Rẹfirí pè wọ́n, ó ní kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ kan ìbọ̀wọ́, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ni pé tí aago bá ti wá lù, kí kálukú máa ṣọ́ ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Aago lù. Àbúrò rìn wá sí àárín, ó sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀ sí orúnkún, ó tẹrí ba, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń kí i láràárọ̀ létí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ ẹ. Ẹ̀ṣẹ́ òsì ló fi pàdé àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń gbórí sókè. Ojú ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọwọ́ ò ráyè. Mò ń bá rẹfirí kà á lọ́kàn: ó dìde ní méje. Ètè rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ṣòkòtò funfun.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà!" ni sìkiọ́rítì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ṣé wọ́n ti dá ẹ lóhùn?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ráùndì kejì àti ìkẹta, ìpakúpa ni. Àbúrò gbé ọwọ́ bojú, kò ju ẹ̀ṣẹ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n ń lu ìhà rẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu eruku kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì. Ojú òsì ọmọ náà wú, ó dí pátápátá. Nígbàkigbà tí wọ́n bá so mọ́ra, mò ń gbọ́ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n." Kí ìkẹta tó parí, ẹ̀gbọ́n fi ẹnu sí i létí, mo sì gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ okùn: "O ń sọ mí di arúgbó lójú gbogbo ayé! Ṣé ìyẹn lọ̀wọ̀? Jà!"

Ráùndì tí èèyàn bá ti ṣubú, mẹ́wàá sí mẹ́jọ ni; èyí tí kò sí ìṣubú, mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án. Mo ṣírò rẹ̀: ẹ̀gbọ́n ti ní ọgbọ̀n, àbúrò ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tí aago ìkẹrin lù, àbúrò ò wo ojú ẹ̀gbọ́n mọ́. Àyà rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ráùndì náà sì di tirẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan gba àárín ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kọjá, imú rẹ̀ fọ́, mo gbọ́ ìró Mushin yẹn gan-an. Ó kúnlẹ̀. Ó dìde ní mẹ́jọ, ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó sì rẹ́rìn-ín. Ní ìkẹfà, tó jẹ́ ráùndì ìkẹyìn, àpá àtijọ́ tó wà lókè ojú rẹ̀ bẹ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ fò jáde, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú rẹ̀ débi pé ó ń ju ẹ̀ṣẹ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Àbúrò ń sunkún, ó ń gbá a. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rìnlá ni mo kà léra wọn. Gbogbo wa ń retí kó ṣubú. Ìṣubú kan sí i péré ni London ń béèrè. Ó di okùn mú, ó dúró. Aago lù.

Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sí mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, lọ́wọ́ adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀mì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ká ní ọmọ náà ò tẹrí ba, tí kò ṣubú ní ráùndì àkọ́kọ́, ẹyọ máàkì kan ni ì bá fi borí.

Nínú yàrá ìwọṣọ, àbúrò tí ojú kan ti dí ló kúnlẹ̀, tó ń fi omi gbígbóná nu ojú ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń rí mi?"

"Mò ń rí ẹ, méjì ni ẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì ò sì mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn kíni."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí mo padà lọ sí ríìngì lọ kó okùn, mo bá eyín kan nílẹ̀. Mi ò fi í sápò. Mo fi tíṣù wé e, mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n tó ni ín.

Ọkùnrin London fèsì pé ọ̀mì kì í ṣe ìborí. Dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n má jà mọ́ láé, mo sì fa ìlà pa orúkọ rẹ̀. Àbúrò ṣì ń sáré yí adágún Al Khan ká lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa bá a jà. Nígbà èwe mi, akànṣẹ́ pọ̀ débi pé èèyàn lè máa jà títí kó má bá ẹni tó mọ̀ pàdé rárá, eyín tó bá já sì jẹ́ ti àjèjì. Lónìí, mo ti gbó, mo sì mọ ilé ẹni tó ni eyín kọ̀ọ̀kan. Ìwé mi ṣí sílẹ̀ níwájú mi báyìí, ní ojú ewé kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta àbọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: ìjà mẹ́jọ, ìborí méje, ọ̀mì kan.